Ọ̀wọ̀ Tó Yẹ Òkè: Ìbéèrè Kan Láti Orí Òkè Ìdànrè

Gígun òkè jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti èémí, ṣùgbọ́n òkè kì í ṣe ohun kan náà lójú gbogbo ẹni tó ń gùn ún. Ní Òkè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àtẹ̀gùn kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà gòkè. Àwòrò ń gbà á lọ síbi ìbọ. Aládùúrà ń gbà á lọ ké pe Ọlọ́run rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láti Èkó tàbí láti òkè òkun ń gbà á lọ wo àfonífojì, kó ya àwòrán, kí ara rẹ̀ sì le. Ìbéèrè tí èyí gbé dìde ti pẹ́ nínú ẹ̀sìn àti nínú ọgbọ́n orí: ǹjẹ́ ẹni tí kò gba òrìṣà òkè gbọ́ jẹ òkè náà ní ọ̀wọ̀ kankan? Bí ó bá jẹ ẹ́, kí ló so gbèsè náà mọ́ ọn lọ́rùn, nígbà tí kì í ṣe ìgbàgbọ́?

Òkè náà àti ìlú orí rẹ̀

Àwọn òkè Ìdànrè jẹ́ ọ̀wọ́ akọ òkúta ńláńlá tó yọ sókè láàárín igbó àti oko kòkó, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́. Ṣóńṣó wọn ga tó nǹkan bí 900 mítà láti ìtẹ́jú òkun. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yìí ti yọ́, tó sì dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni òjò àti oòrùn ń jẹ ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àgbàrá ń kó o lọ, títí ó fi ku èyí tó le nìkan. Níbi tí òkúta ti sán, omi wọlé, ó gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ ló di àfonífojì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àfonífojì ibẹ̀ fi há, tí ògiri àpáta sì dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì.

Ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lè rò pé ilẹ̀ tí ènìyàn kò gbé rí ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlú ni. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú láàárín àwọn àpáta. Ufẹ̀-Òkè ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, nítorí ìtàn wọn sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá àti òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé agogo, àwọn ojúbọ àti ibojì àwọn baba ńlá. Ààbò ló gbé wọn débẹ̀. Ogun tó bá ń bọ̀ ní láti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gòkè, ará ìlú á sì ti rí i kó tó dé. Nígbà tí ogun tán, tí òwò kòkó àti ọ̀nà mọ́tò sì ń fa ènìyàn sí ìsàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Òdòdé-Ìdànrè, ní ẹsẹ̀ òkè, ni púpọ̀ nínú wọn tẹ̀ dó sí. Ní 2007, ìjọba Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ Ogún Àgbáyé. Nínú ìwé náà, wọn kò ya àfonífojì sọ́tọ̀ kúrò lára ààfin, ojúbọ àti ibojì. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ogún kan ṣoṣo.

Ìgbé ayé ènìyàn láàárín àpáta agbègbè yìí tilẹ̀ ti wà tipẹ́ ṣáájú ìlú kankan tí ìtàn mọ orúkọ rẹ̀. Ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsárun, tí òun náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú egungun ènìyàn kan jáde nínú ilẹ̀ ní 1965. Ó ti lé ní 11,000 ọdún tí ẹni náà ti kú. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ lónìí pé òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ àfonífojì ilẹ̀ yìí.

Ìtàn tó wà lára àpáta

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gòkè lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tó bá rẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún tán á rí i pé ìtàn ti ṣáájú òun débẹ̀. Ẹsẹ̀ Agbóògùn wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n sọ pé ti akọni àtijọ́ ni. Wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà, àfi ẹsẹ̀ oníwà ibi. Omi Àpáàrà wà, omi tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ àrá. Odò Àrùn wà, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń wo àìsàn. Àwọn àmì kan sì wà lára àpáta tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Òròsùn wà. Òrìṣà obìnrin ni, òkè gíga kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, oṣù karùn-ún ni wọ́n sì máa ń ṣe ọdún rẹ̀.

Ìtàn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń dá àlejò lára yá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó dé. Ẹsẹ̀ Agbóògùn ń béèrè ìwà: agbára iṣan kọ́ ló ń mú ẹsẹ̀ bá a mu, inú mímọ́ ni. Odò Àrùn ń béèrè pé kí ẹni tó wá mu omi ó má ṣe sọ omi di ẹ̀gbin fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojúbọ ń béèrè ìkóra-ẹni-níjàánu, nítorí kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni gbogbo ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí a bá yọ òrìṣà kúrò nínú ìtàn wọ̀nyí pátápátá, òfin ìwà ṣì kù nínú wọn. Èyí ni ìtọ́kasí àkọ́kọ́ pé ọ̀wọ̀ àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ máa ń rìn pọ̀.

Àwọn tó ń gun òkè

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí òkè jẹ́ ilé òrìṣà lójú rẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ní òrìṣà tirẹ̀. Ògún ni ìtàn sọ pé ó fi àdá la ọ̀nà nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé, tí igbó sì dí wọn lọ́nà. Ní ìlú Oǹdó, ọdún Ògún wà lára àwọn ọdún tó tóbi jù, ewì gígùn tí Wọlé Ṣóyínká sì fi orúkọ Ìdànrè pè, tó jáde nínú ìwé ní 1967, orí Ògún ló dá lé. Fún ẹni tó ní irú ìgbàgbọ́ yìí, kò dúró di ìgbà tó bá dé ojúbọ kó tó máa sìn. Láti ẹsẹ̀ òkè ló ti ń júbà. Bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ni ìsìn ti ń lọ.

Ẹni kejì ni ẹni tó ń gòkè lọ gbàdúrà sí Ọlọ́run kan ṣoṣo. Ẹ̀sìn Kristẹni àti Ìsìláàmù kò ṣàjèjì sí òkè. Orí Sínáì ni Mósè ti gba òfin. Jésù a máa dá nìkan gòkè lọ gbàdúrà. Ihò Hírá, lórí òkè kan lẹ́bàá Mẹ́kà, ni ìṣípayá àkọ́kọ́ ti bá Ànọ́bì Muhammad. Láàárín Yorùbá, ìrìn orí òkè àdúrà gbilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjọ Aládùúrà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́, gbọ́ ìpè rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákejì. Ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930 kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú àdúrà àti ààwẹ̀, láti ìgbà náà sì ni orí òkè àdúrà ti ń pọ̀ sí i káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Lójú aládùúrà, òkè kì í ṣe Ọlọ́run, kò sì sí òrìṣà kankan nínú rẹ̀. Ibi tí ariwo ọjà kò dé ni, ibi tí ebi, òùngbẹ àti àárẹ̀ ẹsẹ̀ ti di apá kan àdúrà.

Ẹni kẹta ni arìnrìn-àjò afẹ́. Fífi ẹsẹ̀ rin àfonífojì àwọn òkè ńlá ti di àṣà àgbáyé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ń lọ lọ́dọọdún sí Nepal, sí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù àti sí Patagonia ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé oúnjẹ, aṣọ òtútù àti àgọ́ sẹ́yìn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà dá ayẹyẹ Mare sílẹ̀ ní Ìdànrè ní 2009, kí gígun òkè lè mú àlejò àti owó wọ ìlú. Kò tọ́ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo ohun tí arìnrìn-àjò yìí ń wá. Ìlera wà nínú rẹ̀, ẹwà wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ ara ẹni wà nínú rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn jíjìn jẹ́ ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ara. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, èémí wọn á máa sáré bákan náà, òógùn á bò wọ́n bákan náà. Bí wọ́n bá dé òkè tí wọ́n sì bojú wo àfonífojì, ìyanu á bá wọn, wọ́n á rí bí wọ́n ti kéré tó. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ka ìyanu náà sí. Àwòrò á ní Òròsùn ni, aládùúrà á ní ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni, arìnrìn-àjò á ní ẹwà ayé ni. Nítorí pé ìtumọ̀ wọn yàtọ̀, àwọn kan gbà pé ojúṣe wọn sí òkè yàtọ̀ pẹ̀lú. Láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìjẹ́mímọ́ òkè ti ń wá.

Níbo ni ìjẹ́mímọ́ òkè ti wá?

Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ sọ pé inú òkè fúnra rẹ̀ ni ìjẹ́mímọ́ wà, pé ẹ̀mí ń gbé ibẹ̀, yálà ènìyàn mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìdáhùn yìí bọ̀wọ̀ fún ohun tí olùsìn ń sọ, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro. Irú akọ òkúta tó wà ní Ìdànrè náà ni wọ́n ń fọ́ ní ibi ìfọ́kúta ní agbègbè Àkúrẹ́, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà tí wọ́n sì fi ń kọ́ ilé, kò sì sí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ara òkúta ni ìjẹ́mímọ́ wà, gbogbo òkúta ni ì bá ní in. Àwọn olùsìn fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, tẹnu mọ́ ọn pé ìránṣẹ́ Olódùmarè ni àwọn òrìṣà, àti pé ohun tí ojú rí ní ojúbọ kọ́ ni ìsìn parí sí.

Ìdáhùn kejì sọ pé kò sí ìjẹ́mímọ́ kankan níta, pé inú ọkàn ẹni tó ń wò ó ni gbogbo rẹ̀ wà. Òkúta ni òkúta. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà ló ń pè é ní òrìṣà. Ìdáhùn yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ibojì tó wà lórí òkè Ìdànrè kò jẹ́ kó dúró. Ẹni tó bá jó lórí ibojì baba ẹlòmíràn ti ṣẹ ẹlòmíràn náà, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì sí nínú ọkàn ẹni tó jó, ẹni tí ó lè má mọ̀ pé òun ṣe ohun kankan. Ohun gidi kan ló bàjẹ́ láàárín ènìyàn àti ènìyàn, àti láàárín òkú àti alààyè. Nítorí náà, ohun kan wà níbẹ̀ tó ju èrò ọkàn ẹni tó ń wò ó lọ.

Ìdáhùn kẹta ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ó sọ pé májẹ̀mú ni ìjẹ́mímọ́ òkè, èyí tó wà láàárín ibi kan, àwọn tó kú síbẹ̀, àti àwọn tó ṣì ń rántí. Òkè gba àwọn ará Ìdànrè lọ́wọ́ ogun. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀, wọ́n jẹ oyè síbẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti sá sí abẹ́ àpáta Olúmọ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830, àti ní Ìbàdàn, níbi tí ìlú ti ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn. Oore tí òkè ṣe ni ìlú ń san padà. Ìdáhùn yìí ṣàlàyé ìdí tí òkúta kan fi jẹ́ mímọ́ tí èkejì sì di ọ̀nà ọkọ̀. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí òkè Ìdànrè kò fi di ahoro lásán nígbà tí àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀: májẹ̀mú kì í tán nítorí pé a kó ilé kúrò, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó dá a ṣì ń padà gòkè lọ pa á mọ́.

Láti inú ìdáhùn yìí ni ìpìlẹ̀ ojúṣe arìnrìn-àjò ti yọ. Bí òkè bá jẹ́ ibi májẹ̀mú, a jẹ́ pé ó ní onílé, ẹni tó gùn ún sì jẹ́ àlejò. Àlejò kò ní láti jọ́sìn ohun tí onílé ń sìn kó tó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kágò kí òun tó wọlé. Kò béèrè bóyá òtítọ́ ni ìtàn ìdílé kó tó kí baba ilé. Ó ń kí i nítorí pé ó wọlé rẹ̀. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, nítorí náà ìrẹ̀lẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀.

Ohun tí òkè ibòmíràn kọ́ni

Ìbéèrè yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Òkè Kailash ní Tibet ga tó 6,638 mítà, ẹlẹ́sìn Híńdù, Búdà, Jain àti Bon sì jọ kà á sí mímọ́. Ìgbàgbọ́ wọn lórí ẹni tó ń gbé orí òkè náà kò dọ́gba rárá, síbẹ̀ ìwà wọn sí i jọra: ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n ń rìn yí ká, ìrìn nǹkan bí 52 kìlómítà, wọn kì í gun orí rẹ̀. Ní Nepal, ní 1957, àwọn agùnkè ará Bírítéènì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣóńṣó Machapuchare, òkè tí wọ́n kà sí mímọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró nígbà tó ku díẹ̀ gan-an, nítorí ọ̀wọ̀ fún àwọn onílẹ̀. Wọn kò di ẹlẹ́sìn ibẹ̀ kí wọ́n tó dúró. Ní Australia, àwọn Anangu tó ni Uluru bẹ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má gun àpáta náà mọ́. Ọ̀pọ̀ gbọ́, ọ̀pọ̀ kò gbọ́, títí òfin fi ti ọ̀nà náà pa pátápátá ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2019.

Àfonífojì Yosemite ní California fi apá kejì ọ̀rọ̀ hàn. John Muir, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó fẹsẹ̀ rin òkè àti àfonífojì ibẹ̀ láti 1868, kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa tẹ́ńpìlì, ìwé rẹ̀ sì wà lára ohun tó sọ ilẹ̀ tó yí àfonífojì náà ká di ọgbà ìjọba ní 1890. Ṣùgbọ́n ní 1851, ọmọ ogun ti lé àwọn Ahwahneechee, àwọn onílẹ̀, kúrò nínú àfonífojì náà. Ẹwà tí àwọn arìnrìn-àjò ń yìn bí ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí jẹ́ ilé tí wọ́n ti lé onílé jáde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúwo. Ènìyàn lè fẹ́ràn òkè tọkàntọkàn, kó máa sunkún nítorí ẹwà rẹ̀, kó sì máa gbójú fo àwọn tó ni ín. Ìfẹ́ ẹwà kò tó láti di ọ̀wọ̀, àfi bí ó bá mọ onílé.

Oǹdó àti ọ̀wọ̀ tó kọjá ìgbàgbọ́

Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú Oǹdó fúnra rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n ní nígbà tí àwọn tí Púpùpú jẹ́ olórí wọn kúrò ní Ẹpẹ́, wọ́n dé Òkè Agúnlá, láti orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí èéfín tó ń rú lókèèrè. Wọ́n tọ èéfín náà lọ, wọ́n bá Ẹkírì, ẹni tó ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú wọn, ó sì gbà wọ́n lálejò. Àwọn tó wà lórí òkè lè wo ilẹ̀ gbalasa tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ni ín. Ojú wọn kò wo ilẹ̀ nìkan. Ó wá èéfín. Ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá gun òkè lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kó tó sọ pé òun rí ilẹ̀ òfìfo, kó kọ́kọ́ wá ẹni tó dáná síbẹ̀.

Ìlú Oǹdó tún fi hàn pé ọ̀wọ̀ lè dúró láìsí ìgbàgbọ́ kan náà. Jacob Kẹ́hìndé Olúpọ̀nà, nínú ìwé tó kọ lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Oǹdó, èyí tó jáde ní 1991, ṣàlàyé bí Kristẹni, Mùsùlùmí àti olórìṣà ṣe jọ ń kópa nínú ètò tó yí Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, ká, tó fi dà bí ẹ̀sìn kan tí gbogbo ìlú jọ ní. Ìgbàgbọ́ wọn nípa ọ̀run kò dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìlú kan ni àwọn, pé ìran kan ló bí àwọn, àti pé ó yẹ kí àwọn bọlá fún ohun tó so àwọn pọ̀. Bí èyí bá ṣeé ṣe láàárín ọmọ ìlú, ó ṣeé ṣe láàárín onílé àti àlejò.

Àtakò àti ìdáhùn

Àtakò àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ wá: ṣé bíbọ̀wọ̀ fún òkè òrìṣà kì í ṣe ìbọ̀rìṣà? Ìdáhùn ni pé ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìsìn. Ẹni tó yẹra fún ojúbọ, tí kò wọ inú rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀, kò bọ ọ́. Kò rúbọ, kò gbàdúrà sí i, kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí ohun ẹlòmíràn wà fún ẹlòmíràn. Kristẹni tó fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn má ba orí òkè àdúrà tirẹ̀ jẹ́ ti mọ ìlànà yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni kó fi í lélẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀.

Àtakò kejì sọ pé Ọlọ́run ló dá òkè, gbogbo ènìyàn ló ni ín, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́nà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìrìn ní ààlà níbi gbogbo. Norway wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fún arìnrìn-àjò lómìnira jù lọ: òfin wọn ti 1957 gba ẹnikẹ́ni láyè láti rin ilẹ̀ tí wọn kò dá oko sí, kódà bí ilẹ̀ náà bá ní ẹni tó ni ín. Òfin kan náà sọ pé àgọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé tí ènìyàn ń gbé ju 150 mítà lọ. Ẹ̀tọ́ láti kọjá kò di ẹ̀tọ́ láti ṣe ohun tó wuni.

Àtakò kẹta ló le jù. Èèwọ̀ kan lè ṣe àìtọ́. Òkè Ōmine ní Japan ṣì ń dí obìnrin lọ́nà títí di òní. Ṣé àlejò gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún gbogbo èèwọ̀ onílé? Ohun méjì ló yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni pé ọ̀wọ̀ kò pa ẹni lẹ́nu mọ́: àlejò lè béèrè ìdí, ó lè jiyàn, ó lè kọ̀ láti gun òkè tí òfin rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí kò yẹ ni kó rú èèwọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀ kó sì pe ìyẹn ní òmìnira. Àtúnṣe tó dúró máa ń ti inú ilé wá, ilé sì máa ń ní ohun tó lè fi ṣe é. Ní Oǹdó, ìtàn tó sọ pé Púpùpú, obìnrin, ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé wà fún ẹni tó bá fẹ́ rántí; ní Ìdànrè, Òròsùn tí wọ́n ń bọ jẹ́ obìnrin. Èkejì ni pé ẹ̀mí ju èèwọ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ṣubú síbi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀, ẹni tó lọ gbé e kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́ ní ìṣe

Bí ìpìlẹ̀ ọ̀wọ̀ bá jẹ́ ìbátan àlejò àti onílé, ohun tó ń béèrè kò ṣòro láti mọ̀. Àkọ́kọ́ ni àyè gbígbà. Owó ìwọlé tí wọ́n ń san ní ẹsẹ̀ òkè jẹ́ apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò ra gbogbo ibi. Ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú, nítorí òun ló mọ ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé. Èkejì ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Ojúbọ tí wọ́n ní kí a má ya àwòrán rẹ̀, kí fóònù wà nínú àpò. Ibojì kì í ṣe ìjókòó. Orúkọ tí ènìyàn fi òkúta kọ sára àpáta tàbí sára ògiri ààfin máa pẹ́ níbẹ̀ ju ìdùnnú tó fi kọ ọ́ lọ, ó sì ń ba àmì tí àwọn baba ìlú fi sílẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó. Ike omi, ọ̀rá píọ́wọ̀tà àti ọ̀rá bisikíìtì kì í jẹrà. Òjò á gbá wọn láti orí òkè lọ sínú odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń lò. Ohun tí báàgì ẹ̀yìn gbé gòkè, òun náà ni kó gbé sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ọyẹ́, iná kékeré lè jó igbó àti oko kòkó run. Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú ara ẹni. Àpáta tútù máa ń yọ̀ nígbà òjò, oòrùn ọ̀sán sì ń mú òùngbẹ wá láìpẹ́. Ẹni tó gòkè láìní omi, láìní bàtà tó di ilẹ̀ mú, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ, ti di ẹrù sórí ọmọ Ìdànrè tó máa wá gbé e. Fún ìdí yìí, ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìkan. Ó jẹ́ apá kan ọ̀wọ̀.

Ojúṣe wọ̀nyí kan àwòrò, aládùúrà àti arìnrìn-àjò bákan náà, nítorí kò sí èyí tó dá lórí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà gbọ́ nínú wọn. Ẹlẹ́sìn lè fi ìfọkànsìn kún un, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun. Ẹni tí kò lẹ́sìn kò lè fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò. Bí ọjọ́ kan bá tilẹ̀ dé tí kò sí ẹni tó ń bọ Òròsùn mọ́, ibojì á ṣì wà lórí òkè, ààfin á ṣì wà, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó gbé ibẹ̀ á ṣì wà ní Òdòdé. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà, òkè Ìdànrè ní onílé, ẹni tó bá sì gùn ún jẹ onílé náà ní ọ̀wọ̀.